Èéfín Sìgá Kò Mọ Ẹni Tí Kò Mu Ún

 

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa sìgá, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ garejì ni, pé kò kan ilé tiwa. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ìwádìí sọ. Ní ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé ìdá 5.6 nínú 100 àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 15 sókè ni ó ń lo tábà, ìbáà ṣe sìgá tàbí aáṣà. Àròpọ̀ wọn jẹ́ bíi mílíọ̀nù 4.5. Láàárín àwọn ọkùnrin, ìdá 10 nínú 100 ni. Láàárín àwọn obìnrin, ìdá 1.1 péré ni.

Ẹnìkan lè ní iye yìí kéré. Òótọ́ ni, ó kéré sí ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí èyí tí ó kù. Àwọn tí ń mu tábà eléèéfín tó bíi mílíọ̀nù 3.1, àmọ́ àwọn àgbàlagbà tí ń fa èéfín náà símú nínú ilé tí wọ́n ń gbé tó mílíọ̀nù 5.2. A kò tíì ka àwọn ọmọdé mọ́ ọn. Baálé kan ni ó dáná sun ún, gbogbo ilé ni ó mu ún.

Kí ni ó ń fa àgbàlagbà sí ìdí sìgá? Èkíní ni ohun tí ó rí nígbà tí ó wà ní kékeré. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń rán lọ ra sìgá ní ìrọ̀lẹ́ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pè ní ẹ̀kọ́. Èkejì ni ẹgbẹ́ àti iṣẹ́ òòjọ́. Awakọ̀ tí ń wakọ̀ lóru láti Kaduna, ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́nà nínú otútù ọyẹ́ ní Jos, àti alágbàṣe tí ebi ń pa, wọ́n á sọ fún yín pé sìgá ni ó ń lé oorun, otútù àti ebi lọ. Ẹ̀kẹta ni títà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ó fi rọrùn fún ẹni tí kò lówó páálí láti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni èròjà níkótíìnì inú tábà ń dé inú ọpọlọ. Bí ó bá pẹ́, ara ni yóò máa béèrè rẹ̀, kì í ṣe ojú mọ́.

Ìtìjú ni ó dáàbò bo ọ̀pọ̀ obìnrin wa. Àmọ́ ṣìṣá ti ń gba ẹ̀yìn ìtìjú wọlé síbi àríyá, nítorí pé ó ń ta sánsán bí èso. Ẹ má ṣe gbà pé omi inú rẹ̀ ń fọ èéfín náà mọ́. Tábà ni, ewu tábà náà ni ó gbé dání.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tábà ń pa ju mílíọ̀nù 7 ènìyàn lọ lọ́dọọdún, ó sì ju mílíọ̀nù 1 lọ nínú wọn tí kò mu ún rárá. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ wà nínú ohun tí ó ń fà. Ọmọ tí ń fa èéfín náà símú wà nínú ewu ikọ́ fée àti òtútù àyà. Òfin ọdún 2015 lórí tábà kò sì gbà kí á tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kò gbà kí á tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tí ó ta ẹyọ sìgá kan fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ rán wá ti fẹsẹ̀ tẹ òfin lójú ní ìgbà méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ún, a kò bú yín. Ìwádìí kan náà fi hàn pé ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ń mu ún tí ó ń rò láti jáwọ́. Ẹni tí ó lè gbàgbé sìgá láti sààrì títí di ìṣínu nínú oṣù ààwẹ̀ ti mọ̀ pé òun lè ṣe é. Kí ó má ṣe fi sìgá tẹ̀lé dàbínù rẹ̀. Kí ó fi oṣù náà bẹ̀rẹ̀, kí ó sì rí dókítà bí ó bá nira. Ọdún kan lẹ́yìn tí ènìyàn bá jáwọ́, ewu àrùn ọkàn lára rẹ̀ yóò dín kù sí bí ìdajì ti ẹni tí ń mu ún lọ.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ní kí ó má mu ún nínú ilé mọ́. Àwọn àgbà sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ní ti sìgá, kì í ṣe oorun nìkan ni yóò gbà lọ́wọ́ ilé. Kí Ọlọ́hun fún wa ní okun láti jáwọ́ nínú ohun tí ń pa wá.