Ẹ̀kọ Ni Kó Ṣáájú Ẹ̀kọ́



Ní ọjọ́rú kan, lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, àwọn ọmọ péjọ fún katikísímù gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Àdúrà Olúwa ni mo ń kọ́ wọn. Ọmọbìnrin kan jókòó lẹ́yìn, ó ń tòògbé. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn. Inú bí mi, mo ní kí ó dìde, kí ó ka àdúrà náà fún wa. Ó dìde, ó kà á títí ó fi dé ibi tí a ti ń tọrọ oúnjẹ òòjọ́. Níbẹ̀ ni ó dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Nígbà tí mo mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni mo tó gbọ́ pé kò tíì jẹ nǹkan kan láti alẹ́ àná. Ìyá tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ́ ló bí i. Vidomègon ni ọmọ náà, bí a ti ń pe irú wọn níhìn-ín. Ó ti kiri búrẹ́dì láàárọ̀, ó lọ sí ilé-ìwé, ó tún kiri nígbà ìsinmi ọ̀sán. Oúnjẹ wà lórí rẹ̀, ebi wà nínú rẹ̀.

Ojú tì mí gidigidi. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní àdúrà oúnjẹ, n kò bi í léèrè bóyá ó jẹun.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn oníṣègùn náà fara mọ́ ọn. Inú oúnjẹ ni ọpọlọ ti ń rí agbára tí ó fi ń ṣiṣẹ́, ohun tí ara ọmọdé sì lè tọ́jú pamọ́ kò tó ti àgbàlagbà. Ọmọ tí kò bá jẹun láàárọ̀ lè jókòó níwájú olùkọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ a ní olódo ni, òbí a ní ọ̀lẹ ni, bẹ́ẹ̀ ebi ló ń pa á. Irú ebi mìíràn sì tún wà tí kò hàn sójú: ikùn kún, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ó kún un kò ní ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tàbí ohun tí ń mú ojú ríran dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní àwọn abúlé wa. Ní 2017, ìjọba orílẹ̀-èdè Benin dá ètò oúnjẹ ilé-ìwé kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PNASI, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé Ètò Oúnjẹ Àgbáyé, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí PAM, lọ́wọ́. Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdámẹ́ta ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ló ní káńtíìnì. Nígbà tí yóò fi di 2023, ó ti dé nǹkan bí 75 nínú 100. Àjọ ìjọ wa náà kò gbẹ́yìn: Catholic Relief Services, tí ó ti wà ní ilẹ̀ wa láti 1958 nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dahomey, ti bá àwọn ilé-ìwé ní Borgou àti Alibori gbé ìkòkò kaná. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Nàìjíríà náà, láti 2006 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ilé-ìwé ní oúnjẹ ọ̀sán.

Kí ni ó wà nínú ìkòkò abúlé yẹn? Ìrẹsì tàbí àgbàdo, ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà òyìnbó tí wọ́n là sí méjì, òróró tí wọ́n fi fítámìn A sí, àti iyọ̀ tí ó ní áyódíìnì. Àwọn ìyá abúlé ló ń sè é. Àwọn òbí a máa mú igi ìdáná, omi àti èlò ọbẹ̀ wá. Kì í ṣe oúnjẹ ọlọ́lá, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti jókòó ro ohun tí yóò wọ inú àwo ọmọ, ẹlòmíràn sì dúró tì í títí ọmọ fi jẹ ẹ́.

Àwa ará Cotonou ńkọ́? Owó ni àwa ń fún ọmọ. A fi fáránkì lé e lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà, a sì rò pé a ti bọ́ ọ. Mo lọ bá ìyá tí ọmọ yẹn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ní, “Katikísì, ojoojúmọ́ ni mo ń fún un ní àádọ́ta fáránkì kí ó fi jẹun.” Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi ọmọ náà, ó ní bí owó búrẹ́dì kò bá pé, àádọ́ta yẹn ni òun fi ń dí i, kí wọ́n má baà nà òun. Ìyá náà dákẹ́, èmi náà dákẹ́.

Ẹ̀yin òbí, owó kì í ṣe oúnjẹ. Ọmọ tí kò tilẹ̀ kiri ọjà, bí a bá fún un lówó, bọ́ḿbọ̀n àti omi dídùn ni yóò fi rà. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun kí ó tó jáde. Ẹ̀kọ àti ẹ̀wà tó, ògì àti àkàrà tó. Ohun tí àgbàdo kò ní, ẹ̀wà ní in. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń pa wọ́n pọ̀ kí ilé-ìwé tó dé. Ẹ máa fi ewé sí ọbẹ̀ àwọn ọmọ, kì í ṣe ti bàbá nìkan. Bí ọsàn bá wà, kí wọ́n mu ún tẹ̀ lé oúnjẹ, nítorí a máa ran ara lọ́wọ́ láti gba ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀wà àti ewé. Bí ó bá jẹ́ lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ ilé-ìwé ni ọmọ yín ti ń jẹun, ẹ lọ kí i. Ẹ wo omi rẹ̀, ẹ wo bí ó ti ń bo oúnjẹ. Bí ẹ bá lè san owó ọ̀sẹ̀ kan fún un, kí ọmọ máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sàn ju kí owó wà lápò ọmọ lọ.

Ẹ sì rántí ọmọ tí kì í ṣe ọmọ inú yín, tí ó wà nínú ilé yín. Kí ó jẹ nínú ìkòkò kan náà, ní àkókò kan náà. Olúwa wa ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ohun tí a bá ṣe sí ẹni tí ó kéré jù, òun gan-an ni a ṣe é sí.

Nínú Ìhìnrere Jòhánù mímọ́, ọmọdékùnrin kan ló ní ìṣù búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì tí Jésù fi bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin. Ìwé Mímọ́ kò sọ ẹni tí ó di oúnjẹ náà fún un. Èmi a máa rò pé ìyá kan ni, tí ó jí ní kùtùkùtù, tí kò mọ ohun tí Olúwa yóò fi ẹrù kékeré yẹn ṣe.

Ọmọbìnrin wa ti ń jẹ ẹ̀kọ báyìí kí ó tó gbé búrẹ́dì. Kíkiri náà kò tíì tán. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà láàrin èmi àti ìyá náà, n kò sì ní fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́rú, kí katikísímù tó bẹ̀rẹ̀, a ti ń po gàrí fún àwọn ọmọ, a ń fi kúlíkúlí sí i. Ẹni tí ó bá ní agolo gàrí kan tàbí méjì, kí ó gbé e wá lẹ́yìn Mísà.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó gbàdúrà ìdílé, ẹ bi olúkúlùkù ọmọ inú ilé yín ní ìbéèrè kan, ẹ má sì fo ẹnì kankan: “Kí lo jẹ lọ́sàn-án òní?” Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.