Ẹ san owó wíwò kí ẹ tó sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ó kan gbogbo ẹni tó ń wa mọ́tò tó ti lé ní ogún ọdún, àwa náà la sì pọ̀ jù lójú títì.

Mo fẹ́ sọ ohun tí inú àwọn kan ò ní dùn sí. Tí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ nítorí ọ́ìlì tó ń jò, tó wá jẹ́ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi yẹn kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Àwa onímọ́tò wà níbẹ̀. A máa ń sanwó páàtì, a máa ń sanwó iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n a kì í sanwó kí ẹnì kan fara balẹ̀ wò ó.

Corolla 2004 ni màámi ń lò. Àdìrẹ ni wọ́n ń tà n'Íbàdàn, Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ti ń kó o, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ tí wọ́n ń páàkì sí bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Lákọ̀ọ́kọ́ kò ju ojú owó ẹyọ kan lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti tó àwo ìjẹun. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì wá di ẹrù inú búùtù, bí ẹni ń gbé omi mímu kiri.

Mẹkáníìkì wọn tẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní, "Mà, sílì iwájú ti lọ, ti ẹ̀yìn náà ti lọ. Àfi ká sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, ká pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan." ₦110,000, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan nìyẹn o, a ò tíì ra nǹkan kan. Màámi ti ń múra láti yá a lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, lásìkò tó yẹ kí wọ́n máa fi owó kó ọjà Iléyá.

Ẹ gbọ́ o, ọkùnrin yẹn kì í ṣe olè. Ohun tó rí ló sọ. Ọ́ìlì ti bo gbogbo abẹ́ ẹ́ńjìnì náà, tẹ̀yìn tiwájú, eruku ti gorí ẹ̀, ó ti di ẹrọ̀fọ̀. Tó bá ti rí báyẹn, kò sí ojú tó lè mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Ọ́ìlì kì í dúró síbi tó ti jáde. Á ṣàn wálẹ̀, tí mọ́tò bá sì ń sáré, atẹ́gùn á tún gbé e sẹ́yìn. Ibi tó ti ń kán sílẹ̀ kọ́ ló ti ń jò. Òkè ni kí ẹ máa wò: ibi tó ga jù lọ tó rin ni kí ẹ wá.

Mo bẹ màámi pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe kí wọ́n tó bí mi. Mo lọ bá wọn, mo rojọ́ títí. Wọ́n ní, "Ṣé o ti fọ̀ ọ́?" Mo ní rárá, sà. Wọ́n ní, "Kí lo wá fẹ́ kí n wò?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ́ńjìnì nìyẹn. A jẹ́ kó tutù, a fi ọ́rá wé alternator, a fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo ẹ̀, lẹ́yìn náà ọṣẹ àti omi díẹ̀. (Àwọn tó ń fi bẹntiróòlù fọ ẹ́ńjìnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Iná kékeré kan láti ara bátìrì ti tó.) Odindi ọ̀sán kan ló gbà wá.

Nígbà tó gbẹ tán, Bàbá ní kí n bu pọ́dà ọmọdé, kí n fẹ́ ẹ sí gbogbo ibi tí a fura sí: etí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ojú kọ́fà tó bo ṣéènì, ìdí fílítà, ìdí sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì. Mo wa mọ́tò dé Mọníyà, mo padà. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Etí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà funfun báláú. Fílítà, funfun. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún níbi tí ẹ́ńjìnì ti pàdé gíà, kò sí nǹkan kan. Ìlà dúdú kan ṣoṣo ló ń ṣàn bọ̀ láti ìdí tensioner, nǹkan kékeré tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnì kó má baà dẹ̀.

Rọ́bà roboto kan ló wà nídìí ẹ̀, O-ring ni wọ́n ń pè é. Nínú ẹ́ńjìnì 1ZZ tí wọ́n fi sí irú Corolla yìí, ibẹ̀ wà lára ibi tó sábà máa ń jò. Rọ́bà tó bá ti pẹ́ nínú ooru á le bí ike, kò ní lè dí ojú ihò mọ́. Ọ́ìlì á ṣàn gba ara kọ́fà ṣéènì, ẹ máa rò pé sílì iwájú ni. Atẹ́gùn á gbé e sẹ́yìn, ẹ máa rò pé ti ẹ̀yìn náà ti lọ.

Mo ra O-ring ní Agodi Gate, ₦1,200. Nọ́ọ̀tì 10 méjì ló de tensioner mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó wo fídíò ìṣẹ́jú méjì o: ẹ ò gbọ́dọ̀ yí ẹ́ńjìnì nígbà tó bá wà níta, ẹ sì gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀, kí ẹ fi ìkọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ, kí ẹ tó dá a padà. Tí ṣéènì bá fi lè fo eyín kan, wàhálà míì nìyẹn.

Bàbá ò dúró síbẹ̀. Wọ́n yọ PCV, wọ́n mì í létí mi. Ó yẹ kó máa ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, kò dún rárá. Ìdọ̀tí ti dí i pa. Ibẹ̀ ni èéfín inú ẹ́ńjìnì ń gbà jáde. Tó bá ti dí, ẹ́ńjìnì á dà bí ìkòkò tí wọ́n dé pa lórí iná: ibi tí rọ́bà ti rẹ̀ ni ọ́ìlì á wá ọ̀nà gbà. Ẹni tó pààrọ̀ sílì tí kò wo PCV lè padà wá sanwó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ tún jẹ́ n sọ ti gọ́ọ̀mù. Ẹnì kan ti fi gọ́ọ̀mù rẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà màámi yíká bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Igun ibi tí kọ́fà ṣéènì ti pàdé orí ẹ́ńjìnì nìkan ló nílò díẹ̀. Èyí tó bá tú sínú á já, á bọ́ sínú ọ́ìlì, ó lè lọ dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Ẹ́ńjìnì lè tibẹ̀ nọ́kù, a óò wá máa bú ẹni tó ta ọ́ìlì fún wa.

Ó wá ku owó. Bàbá ní kí màámi mú ₦15,000 wá. Ẹ gbọ́ ohun tí màámi sọ: "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Nítorí rọ́bà ẹgbẹ̀rún kan lé igba?"

Màámi tí wọ́n ti gbà láti san ₦110,000 láìjanpata! Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Torí ká ní mẹkáníìkì àkọ́kọ́ fi odindi ọ̀sán fọ̀ ọ́, tó wò ó, tó sì sọ òótọ́ pé rọ́bà lásán ni, iye tí wọ́n máa fún un kò ní tó owó ọkọ̀ ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Ta ló máa wá wò ó dáadáa? Ẹ́ńjìnì tó wà nílẹ̀ la mọ̀ sí iṣẹ́. Ojú tó ríran, a kà á sí ọ̀fẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní kò sówó. Òun gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ pe mẹkáníìkì yín, ẹ dá owó wíwò lé e lọ́wọ́ lọ́tọ̀, yálà òun lẹ máa gbé iṣẹ́ náà fún tàbí òun kọ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ rí ojú ibi tó ń jò. Tí pọ́dà bá fi hàn pé sílì ẹ̀yìn ló lọ lóòótọ́, ẹ jẹ́ kó sọ gíà kalẹ̀, ó tọ́ sí i. Tó bá sì jẹ́ pé ó kàn ń rin díẹ̀ ni, ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ẹ máa fa géèjì wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lítà 3.7 péré ni ẹ́ńjìnì yẹn ń gbà, lítà kan tó dín kúrò ń ṣe ẹ́ńjìnì yín ní nǹkan. Ẹ má sì dúró de iná pupa orí dáṣíbọ́ọ̀dù. Kì í ka iye ọ́ìlì, agbára tí ọ́ìlì fi ń yí ká ló ń wò. Nígbà tó bá fi máa tàn, ó lè ti pẹ́ jù.

Màámi san ₦15,000 náà, wọ́n kùn títí. Wọ́n fi owó tó kù kó ọjà Iléyá.

Mo máa ń tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò náà ní alaalẹ́ Jímọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀kán méjì ló wà lórí ẹ̀, pupa ni, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nìyẹn, ó lè jẹ́ ti gíà tàbí ti stẹ́rín. Mo ti fi owó wíwò ránṣẹ́ sí Bàbá.