Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ọmọ aládùúgbò wa kan ní Rumuigbo, Port Harcourt níbí kọ́ iṣẹ́ kóòdù, iléeṣẹ́ kan sì gbà á síṣẹ́ olówó oṣù. Kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀ tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gba kọ́ńtíráàtì olóṣù mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, dọ́là ni wọn yóò fi san án. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kí i kú oríire, wọ́n ní ẹrú lẹni tó ń ṣe sítáàfù. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Dọ́là ni èje tí ọmọ yìí rí. Kò wo ohun tó kù lẹ́yìn.

Níbi tó ti kúrò, bó bá kọ kóòdù tán, ọ̀gá rẹ̀ á kà á láti òkè délẹ̀. Á bi í pé: "Kí ló dé tó o fi ń pe database nínú loop? Oníbàárà 10 ò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di 10,000, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́." Ta ni yóò bi í nírú ìbéèrè yẹn nídìí kọ́ńtíráàtì? Ohun tó ti mọ̀ ṣe ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà á. Ojú ìwé login tó ṣe lánàá náà ni yóò tún ṣe lọ́la. Bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò ní jókòó kọ́ ọ, ẹlòmíràn ni wọn yóò wá. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láìtíì gba fírídọ̀ọ̀mù, ta ni yóò tún un kọ́?

Ìwé tó fọwọ́ sí náà ńkọ́? Òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 ní kí iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, ó kéré tán, kún ìdá 8 tí òṣìṣẹ́ ń dá. Alákọ́ńtíráàtì ò sí nínú ìyẹn. Kò ní ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún, òun náà ni yóò ra dátà àti epo jẹnẹrétọ̀. Kò yẹ kí á máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ èyí fún ará Port Harcourt. Ìlú elépo ni, ó sì ti pẹ́ tí NUPENG àti PENGASSAN, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, ti ń bá àwọn iléeṣẹ́ fà á nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bíi sítáàfù láìrí ẹ̀tọ́ sítáàfù gbà.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní náírà ti já. Òótọ́ ni: dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 kí ìjọba tó fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà lóṣù Kẹfà 2023 ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024. Ṣùgbọ́n dọ́là oṣù mẹ́ta ò kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Èyí tó wúwo nínú àwíjàre wọn ni pé iṣẹ́ olówó oṣù náà lè bọ́. Iléeṣẹ́ Andela, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2014, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ tó sì ń sanwó oṣù fún wọn nígbà náà, dá nǹkan bí òṣìṣẹ́ 250 dúró ní Nàìjíríà àti Uganda lóṣù Kẹsàn-án 2019. Àwọn wo ni wọ́n dá dúró? Àwọn tí iṣẹ́ ò tíì gún lọ́wọ́ wọn ni, torí àwọn tó ti dáńgájíá ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Iṣẹ́ tó gún lọ́wọ́ ẹni ló ń gbani, kékeré sì la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àṣà burúkú tí ẹnikẹ́ni ò tọ́ka sí nínú kóòdù lọ́dún àkọ́kọ́ á di bárakú. Nítorí náà, ẹni tí yóò pẹ̀ka rẹ̀ ni kí ọmọ máa wò, kó má wo orúkọ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ sítáàfù ní ọ́fíìsì tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ kóòdù, tí wọ́n tún ń pè é wá tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, kó tètè wá ibòmíràn. Bí kọ́ńtíráàtì bá ní ọ̀gá tí yóò máa ka iṣẹ́ rẹ̀, kó gbà á; ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè pé: "Ta ni yóò máa ka kóòdù mi?" Bí wọn ò bá rí ẹnì kan tọ́ka sí, ẹ má gbà á, ì báà jẹ́ dọ́là. Ẹ fi ọdún méjì àkọ́kọ́ wà lábẹ́ ọ̀gá. Kọ́ńtíráàtì ò ní lọ síbì kankan, ẹni tí iṣẹ́ bá sì ti gún lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń dá iye lé e.