Ẹ Jẹ́ Ká Jẹ́ Wásinmi fún Àwọn Ọmọ Wa Tó Wà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ètè ti ń là, eruku ti bo ọ̀nà oko, Kérésìmesì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí oṣù Kejìlá ṣe máa ń rí ní Wásinmi níbí. Ẹni tó wà ní Èkó á wálé, ẹni tó wà ní Ìbàdàn á wálé, àwọn ọmọdé á máa yọ̀ mọ́ aṣọ tuntun. Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba ńkọ́? Fọ́tò rẹ̀ ló máa dé.

Àwọn fọ́tò náà ti ń dé lọ́dún yìí. Ọmọ wa dúró sábẹ́ iná ní Oxford Street, ó wọ kóòtù tó gùn dé orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá kan fi fóònù ẹ̀ hàn wá lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Dádì, ẹ wo ọmọ yìí bó ṣe ń jayé! Òun náà ló wá ní òun ò lówó ìrẹsì tí òun máa fi ránṣẹ́." Ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ ló jẹ́ ká kọ èyí, torí a mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àwa fúnra wa wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá. A ò ní purọ́ fún yín, ìlú náà dára lásìkò yẹn. Iná tí wọ́n ta sókè ní Regent Street àti Oxford Street, bí ìràwọ̀ ló rí lórí ẹni. Nínú ọgbà Hyde Park, láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń ṣe ọjà àti ibi ìṣeré tí wọ́n ń pè ní Winter Wonderland. Àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá ń gbé èèyàn lọ sókè, tọmọdé tàgbà ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí omi dídì. Tí ẹ bá wá kọjá sí Rye Lane ní Peckham, ẹ ó rí iṣu, ẹ ó rí ẹja gbígbẹ, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń nájà, bíi pé ọjà Ìkirè lẹ wà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ọmọ èèyàn lọ wo iná. Inú àwa náà dùn, a ya fọ́tò, a gbé e síbí.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí a ò gbé síbí. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù tí oòrùn fi wọ̀, kò sì tún ní yọ títí di nǹkan bí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ lè lọ síbi iṣẹ́ nínú òkùnkùn, kó sì padà sílé nínú òkùnkùn. Ọyẹ́ tiwa ń la ètè lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán máa ń lé e. Òtútù tiwọn wọnú egungun, kò sì sí oòrùn tó máa lé e.

Ọmọ wa kan tó mú wa rìn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a wà níbi ìsọmọlórúkọ ẹ̀. Òun ló ya gbogbo fọ́tò tí ẹ rí. Bó ṣe yà á tán, ó wo aago, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú, agogo mẹ́jọ ni mo gbọ́dọ̀ wọṣẹ́." Iṣẹ́ care ló ń ṣe, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti alẹ́ di òwúrọ̀. A bi í pé ibo ló máa wà lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ó ní ibi iṣẹ́ náà ni. Ó ní òun fúnra òun ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi òun síbẹ̀, torí tí òun bá dá jókòó sínú yàrá lọ́jọ́ yẹn, ẹkún lòun máa sun. Ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ méjì wà nílé níbí. Àwa tí ẹnu wa kì í dákẹ́ lórí àga ìwàásù, a ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ má sọ pé ṣebí kó mú wọn dání. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ síbẹ̀ ò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ lọ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, ìjọba wọn ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba físà iṣẹ́ care. Akẹ́kọ̀ọ́ gan-an, wákàtí 20 péré ni òfin máa ń gbà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Nínú owó yẹn ló ti máa san owó ilé, tó ti máa jẹun, tí àwa náà á tún máa retí ìrẹsì àti adìẹ.

Nǹkan kan wà ní Trafalgar Square tó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Igi Kérésìmesì gíga kan máa ń wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Wọn ò gé e ní Ìlú Ọba. Àwọn ará Oslo ní ilẹ̀ Norway ló ń fi í ránṣẹ́ láti ọdún 1947, láti fi dúpẹ́ oore tí ilẹ̀ Britain ṣe fún wọn nígbà ogun Hitler, nígbà tí ọba wọn sá àsálà wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ogun ti parí láti 1945, igi ṣì ń dé. Ọpẹ́ ni, kì í ṣe owó orí. Síbẹ̀, lọ́dún 2021, igi náà dé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò dáa tó. Igi ọ̀fẹ́ o! Ẹ má tíì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣé àwa kọ́ là ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tán, tí a tún ń bi í pé, "Ṣé èyí nìkan náà ni?"

A mọ̀ pé nǹkan le nílé. A ò sọ pé kí ọmọ gbàgbé òbí. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu. Ṣùgbọ́n òkété tó gbọ́n kì í mu ún títí ọmọ á fi gbẹ.

Ẹ̀yin òbí, ohun kan là ń bẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ pe ọmọ yín, kí ẹ má sì dárúkọ owó rárá nínú ìpè yẹn. Ẹ bi í pé, "Ṣé o jẹun? Ṣé o sùn? Ta lo máa wà lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì?" Ẹ wá dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Ẹ má yáwó fi ṣe ọdún fún wa. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run ti gbé kalẹ̀ níbẹ̀, tí ilé yín gba àlejò, ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 25. Ẹni tó bá dá wà lọ́jọ́ yẹn, ó dá wà gan-an nìyẹn. Torí náà, ẹ pè é wá láti alẹ́ ọjọ́ 24. Ẹ tẹ́ ẹní fún un, ẹ bu ìrẹsì fún un. Èyí ju ọrẹ tí ẹ máa mú wá sílé Ọlọ́run lọ.

Ìlú wa ń jẹ́ Wásinmi. Ìpè ni orúkọ yẹn, ìpè kan náà tí Jésù pe àwọn tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn nínú Mátíù orí 11. Ó máa ṣeni láàánú o, kí ọmọ Wásinmi má rí ibi sinmi, kó sì jẹ́ pé àwa tí a wà ní Wásinmi gan-an la di ẹrù lé e lórí.

Olúwa, bo àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ òtútù. Fún wọn lẹ́ni tó máa bá wọn jẹun. Mú tọkọtaya tí òkun wà láàárín wọn padà pàdé láyọ̀. Ní orúkọ Jésù.

Ẹ má tíì ṣe Àmín o. Ẹ kọ́kọ́ pe ọmọ yín ná.