Ìlérí oṣù kìíní ti tó gẹ́ẹ́: ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ la fi ń mọ Yorùbá kọ

Ọ̀rọ̀ mi lónìí lè ta àwọn kan lára. Ẹ forí jì mí, omi gbígbóná la fi ń fọ egbò.

Lọ́dọọdún, bí oṣù kìíní bá ti dé, àwọn èèyàn wa á bẹ̀rẹ̀ ìlérí: "Lọ́dún yìí, màá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá, màá sì kọ́ àwọn ọmọ mi." Wọ́n á ra ìwé, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á fi han gbogbo ayé. Kí oṣù kejì tó parí, eruku ọyẹ́ ti bo ìwé náà. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta ni ẹ ó gbọ́: "Mo ti dàgbà jù," "N kò ráyè," tàbí "Ìjọba ni kó kọ́kọ́ fi sí ilé ìwé." Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ní òun ti dàgbà jù, mo bẹ̀ ọ́, ka álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Lẹ́tà 25 péré ni. Ìwọ tí o ka ìwé Faransé ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ́ tuntun sí ọ ò ju ẹ, ọ, ṣ àti gb lọ, kí o sì rántí pé p tiwa kì í ṣe p ti Faransé. Ohun tó ń da àwa tí a kàwé Faransé láàmú gan-an ni àmì orí lẹ́tà. Lójú wa, é àti è jẹ́ oríṣi ohùn méjì. Ní Yorùbá, àmì ìsàlẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: e dà bí é ti Faransé, ẹ dà bí è. Àmì òkè ń sọ bóyá ohùn ròkè ni tàbí ó rọlẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igba kì í ṣe ìgbà, ìgbà kì í ṣe igbá. Ẹni tó bá lóye gbólóhùn mẹ́ta yìí ti fo odò tó fẹ̀ jù. Kí ni ọjọ́ orí wá fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ẹni tí kò ráyè ńkọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 3,650 lọ́dún, èyí tó ju wákàtí 60 lọ. Ẹ wo àwọn ìyá wa ní ọjà Arzèkè. Alájọ á dé, ìyá á ju owó díẹ̀ sílẹ̀, alájọ á kọjá lọ. Kò sí ìyá kankan tó ń sọ pé, "Máa lọ ná, ọjọ́ tí mo bá ní mílíọ̀nù kan ni kí o tó padà wá." Wọ́n mọ̀ pé owó díẹ̀ tó ń wọlé lójoojúmọ́ ló ń di owó ọjà, owó ilé ìwé, owó ìkọ́lé. Àwa akọ̀wé la ń dúró de ọjọ́ tí àyè ńlá máa yọ. Ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́n jù wá níbẹ̀ yẹn.

Ó wá ku àwọn tó ń dúró de ìjọba. Òótọ́ ni pé ojúṣe ìjọba wà níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ ká dẹ́kun bíbéèrè. Ṣùgbọ́n ìjọba Benin ti ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa láti ọdún 1975. Wọ́n ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ. Àwọn kan ti sọ ìyàtọ̀ yìí di àwíjàre: "Kí wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò ná." Ẹni tó bá mọ ọ̀kan á mọ èkejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí kò mọ ìkankan ló ń ṣe adájọ́ láàárín méjèèjì!

Àbí ẹ rò pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ìwé Yorùbá sọ̀ kalẹ̀ látọ̀run ni? Ní 1821 ni wọ́n mú Samuel Ajayi Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1875 wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà. Ní 1974, ní Nàìjíríà, wọ́n tún un ṣe: "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn". Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n fi ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ká ní Crowther dúró títí ohun gbogbo fi pé ni, kí la ò bá máa kà lónìí?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé "díẹ̀díẹ̀" ni orúkọ tí ọ̀lẹ sọ ara rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí "lójoojúmọ́" lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà rélùwéè wa. Ọdún 1900 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní 1911. Àwọn ọdún 1930 ló tó dé Parakou níbí, kìlómítà 438 láti Cotonou. Irin kan lẹ́yìn òmíràn ló fi dé. Lónìí, ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò kò dé ọ̀dọ̀ wa mọ́, koríko ló ń jẹgàba. Bí a ò bá tọ́jú ohun tí a fi díẹ̀díẹ̀ kọ́, díẹ̀díẹ̀ náà ni yóò fi bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ má gba àwọn tó ń polówó pé ọjọ́ 21 lẹ ó fi yí ayé yín padà gbọ́. Ọjọ́ kejìlélógún ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o. Ní kíláàsì mi, àwọn ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé kò lè kọ orúkọ ìlú bàbá wọn bí kò ṣe bí Faransé ṣe kọ ọ́ sójú ọ̀nà: "Savè", "Kétou". Oríkì ìyá àgbà wọn wà lórí fóònù, gẹ́gẹ́ bí ohùn tí a gbà sílẹ̀. Bí fóònù bá bọ́ sómi, oríkì ìdílé ti lọ nìyẹn, ìyá àgbà kò sì ní í wà títí láé.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ mọ fáwẹ̀lì méje. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ mọ ohùn mẹ́ta. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ máa kọ òwe kan lójúmọ́, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sí ìtanràn.

Ẹ má dúró de oṣù kìíní. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ orúkọ ìyá yín, kí ẹ sì fi àmì sí i bó ṣe yẹ. Lọ́la, ẹ kọ ìlà kan nínú oríkì rẹ̀.