Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́

Àwọn olóṣèlú tún ti ń palẹ̀ ìbò mọ́. Ẹni tí a ò fojú kàn láti ọjọ́ yìí ti ń pe ìyá elélùbọ́ ní "Mọ́mì mi dáadáa".

Lọ́jọ́ kan báyìí, mo jókòó ti ìyá kan tó ń ta ata, ni ọkùnrin kan tó ń du ipò bá kó èrò wọjà pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní òun á ṣe iná, òun á ṣe omi, òun á ṣe títì. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pín ìrẹsì, ife kan fún ẹnì kan. Ìyá gba tiẹ̀ o! Wọ́n kọjá tán, ló bá bi mí pé, "Akọ̀wé, ìwọ tó ń kọ̀wé ìròyìn, báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tí kì í ṣe onírọ́ nínú wọn?" Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ilé ni mo ti lọ ro èsì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Alhaji Lateef Jakande, tó ṣe gómìnà Èkó láti October 1, 1979 títí tí àwọn sójà fi gbàjọba ní December 31, 1983. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti bèèrè lọ́wọ́ àgbà, mo sì ti kà á. Ìlérí mẹ́rin ni ẹgbẹ́ wọn, UPN, ṣe: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹnu lásán ni gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ lọ́jọ́ náà.

L'Ékòó ìgbà yẹn, ọmọ mìíràn á lọ síléèwé láàárọ̀, òmíràn á lọ lọ́sàn-án, torí pé kíláàsì ò tó. Jakande kọ́ kíláàsì, ó kọ́ ọ títí iléèwé ọ̀sán fi dópin. Àwọn alátakò fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé adìyẹ ló ń kọ́. Lóòótọ́, àwọn kíláàsì náà ò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó síbẹ̀, tí wọ́n di nọ́ọ̀sì, tí wọ́n di lọ́yà, ṣé adìyẹ ni wọ́n bá jáde ni? Ó dá yunifásítì ìpínlẹ̀, LASU, sílẹ̀ ní 1983. Ó kọ́lé fún mẹ̀kúnnù káàkiri, tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí kọ̀ndọ́kítọ̀ bá ń kérò, "Jákàńdè! Jákàńdè!" ló ń pariwo. Ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú ló sì ń gbé, mọ́tò ara rẹ̀ ló ń gùn.

Iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn ńkọ́? Ìyẹn ò bọ́ sí i. Reluwé ìgboro tó dáwọ́ lé náà ò parí, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀: ìjọba sójà ló fagi lé e ní 1985. September 4, 2023 ni reluwé ìgboro Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò. Torí náà, bí iṣẹ́ kan ò bá parí, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó dá a dúró.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ ọ́ di áńgẹ́lì o. Ní 1980, ìjọba rẹ̀ fẹ́ fòpin sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie pè wọ́n lẹ́jọ́, ìjọba ò sì jàre. Ní 1993, lẹ́yìn tí wọ́n ti fagi lé ìbò Abiola, ó gba ipò mínísítà lọ́wọ́ Abacha. Ó ṣàlàyé pé àwọn aṣáájú ló fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ò gba àlàyé yẹn títí ó fi kú ní February 2021. Èmi ò bínú sí wọn. Òṣùwọ̀n tí a fi wọn kíláàsì tó kọ́ náà la gbọ́dọ̀ fi wọn èyí. A ò lè máa wo ọwọ́ níbi tó dára, ká wá máa gbọ́ ẹnu níbi tí ò dára.

Ọjọ́ 1,461 ló wà nínú ọdún mẹ́rin. Ẹ gbé ife ìrẹsì kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, kí ẹ wá ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣírò èrè ọjà.

Mo padà lọ bá ìyá aláta, mo rò ó fún un bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ọkùnrin tó wá lọ́jọ́sí yẹn mà ti ṣe káńsù rí. Ṣáláńgá ló ní òun á kọ́ fún wa sẹ́yìn ọjà." Mo bèèrè pé níbo ni ṣáláńgá náà wà. Ni wọ́n bá na ọwọ́ sí igbó kan lẹ́yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ja, níbi tí àwọn ìyá méjì ti ń fi ìró bo ara wọn. Wọ́n ní tó bá tún yọjú, àwọn á gba ìrẹsì rẹ̀, àwọn á sì fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, kó wá fi ṣáláńgá han àwọn.