Ìgbálẹ̀ Tí Kò Mọ Ẹrù Yàtọ̀ sí Pàǹtí

Ẹ̀yin ará wa oníṣòwò ní Zone 4, Abidjan, ìkìlọ̀ kan rè é. Láti ìgbà Windows 95, ní 1995, registry ni ìwé ńlá tí kọ̀ǹpútà ń kọ ètò iṣẹ́ rẹ̀ sí. Microsoft fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sí ètò tí ń gbá a mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó dandan, ẹ fi àmì sí kìkì ohun tí ẹ fẹ́ kí ó yẹ̀ wò. Ẹ ka ohun tí ó rí. Ẹ fi ẹ̀dà pamọ́ kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. A kì í torí eku dáná sun ilé: bí ẹ̀rọ bá kọ̀ṣẹ́, àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà há sínú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ ọmọ wa, kí àwa tí a gba òmìnira má baà di ẹrú ẹ̀rọ.